Igi Máńgòrò Ọdún Ìgbilẹ̀

Ní ìjọ wa ní Ìdímù, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní àkòrí tirẹ̀. Ti ọdún yìí ni “Ọdún Ìgbilẹ̀”. Wọ́n ya igi ńlá kan sára bánà, a sì so bánà náà mọ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ìjọ. Láti oṣù kìíní ni pásítọ̀ ti ń wàásù pé igi ni ìjọ, àwa ọmọ ìjọ sì ni ẹ̀ka. “Ẹ ó ta gbòǹgbò!” Àwa náà á ké “Àmín!” bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ajílẹ̀ sí nídìí.

Abẹ́ máńgòrò yẹn ni màmá mi máa ń jókòó sí. Láti Èkìtì ni mo ti mú wọn wá, wọn ò sì mọ ẹnì kankan ní Èkó àfi àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbọ́ ìwàásù níbẹ̀, nítorí pé ariwo gbohùngbohùn inú ilé ìjọsìn ń fọ́ wọn lórí. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti máa ń bi mí pé ọjọ́ ìsinmi ku ọjọ́ mélòó.

Ìjọ wá gbilẹ̀ lóòótọ́. Àga ò tó mọ́, ó di dandan kí a sún ògiri sẹ́yìn, máńgòrò ló sì dúró síbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá fara mọ́ gígé igi nawọ́, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo nawọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀tá ìdàgbàsókè? Pásítọ̀ ta òróró sí igi náà lára kí wọ́n tó gé e, ẹgbẹ́ akọrin sì kọrin fún un. A lọ so bánà mọ́ ilé jẹnẹrétọ̀. A wá to òdòdó oníke mẹ́rin sẹ́bàá pẹpẹ. Wọn kì í gbẹ, wọn kì í sì í béèrè omi.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màmá mi jókòó nínú ilé ìjọsìn, wọ́n fi ìka dí etí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí ẹsẹ̀ náà ti ń dùn wọ́n, lọ́jọ́ ìsinmi nìkan. Ojú ń tì mí, n ò lè purọ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, bí mo ṣe ń wé gèlè, wọ́n pè mí.

“Ọmọ mi, ta ló ní kí wọ́n gé igi yẹn ná?”

“Ìgbìmọ̀ ni, mà.”

Wọ́n mirí. “Ọlọ́run á dárí jì wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ń jókòó síbẹ̀ ni.”

Mo ní “Àmín, mà”, mo gbé Bíbélì mi, mo jáde.