Bíìtì Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Ìbéèrè Màmá Mi Bá Mi Tún Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn bí màmá mi, tí kò fọwọ́ kan dírílì rí, ṣe yọ mí nínú ìtìjú ní nǹkan bí ọdún 2016.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa. Ẹnjiníà ni mí o, àmọ́ kí n máa tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá mi gbà mí fún! Àṣé àǹfààní mi ń bọ̀. Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Maitama gbé idẹ mẹ́ta wá. Wọ́n fẹ́ kí a lu ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jìn tó ìka àárín mi, kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá.

A wá bíìtì, ìyẹn irin ẹnu dírílì, tó lè ṣe é, a ò rí. Mo ní èmi á ya àwòrán rẹ̀, èmi á sì ṣe é. Ọ̀gá ní tó bá ṣiṣẹ́, mo kúrò nídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Tí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kí n má yọ òun lẹ́nu mọ́.

Mo rò pé kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ má bàa kán, àfi kó ki. Mo jẹ́ kí àárín rẹ̀ ki dáadáa, kòtò tó lọ́ mọ́ ọn lára ò ju tín-ín-tín lọ. Ó rẹwà débi pé mo yà á ní fọ́tò! A gbé e sẹ́nu dírílì, ó wọlé díẹ̀, ó kán sínú idẹ. Mo ṣe òmíràn tó tún ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà kán!

“Kai! Madam Ẹnjiníà!” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ku idẹ kan ṣoṣo.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, ó wá kí mi láti Ìsánlú. Ó rí i pé n kò jẹun, ló bá bi mí léèrè. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣàlàyé fún un.

“Èyí tí ẹ gbẹ́ nínú irin náà ńkọ́? Ibo ló ń gbà jáde?”

Mo gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀. Kànga ni bàbá mi máa ń gbẹ́ nígbà ayé wọn, màmá ló sì máa ń fa garawa erùpẹ̀ sókè.

“Bàbá rẹ ò jẹ́ gbẹ́ ju garawa kan lọ kí wọ́n tó ké sí mi pé kí n fà á. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga tí kò kó erùpẹ̀ jáde, ara rẹ̀ ló ń sin.”

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe bíìtì tuntun, kòtò ara rẹ̀ fẹ̀ kí ìdọ̀tí irin lè ráyè gbà jáde, ó sì ń dán. A lù ú díẹ̀, a fa bíìtì jáde, a gbọn ìdọ̀tí irin dànù, a kán epo sí i, a tún lù ú. Ọ̀gá ní ìjáfara ti pọ̀ jù. Mo tún fà á jáde, mo gbọn ọ́n. Nígbà tó yá, mo gbé idẹ náà sójú, mo rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ní òdìkejì! Ariwo tí mo pa kì í ṣe kékeré!

Ọ̀gá ní kí n mú màmá wá. Màmá yẹ ihò náà wò, kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Omi ńkọ́?”

Mo fi síríǹjì fún omi sí i. Omi jáde tààrà. Ìgbà yẹn ni màmá tó pàtẹ́wọ́. Màmá ní ó ti di kànga. Omijé bọ́ lójú mi, mo rántí bàbá mi.

Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé tí mo kà dára, àmọ́ ǹ bá ti tètè bi ẹni tó ti fa garawa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo tú yín sílẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ. Ìwé kọ̀ǹpútà yẹn ńkọ́? Ọ̀gá ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀!