Ìgbẹ́ Ewúrẹ́ Lórí Ọpọ́n Dráfù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ẹnu mi rí ní àdúgbò Bè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ yẹn sílẹ̀ ná!

Ẹ mọ̀ mí ṣá: ọ̀lẹ tó sá kúrò ní fákì, yunifásítì yẹn, kí fákì tó lé e. Bàbá Ṣadé, bàbá ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, kò fẹ́ rí mi sójú. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn dráfù. Wọ́n ní tí mo bá na àwọn, àwọn á jẹ́ kí n máa wá kí Ṣadé nílé.

Ní àgbàlá wọn, àgbàdo díndín ni ọmọ dráfù ẹnìkan, ekùrọ́ ni ti ẹnìkejì. Ọmọ tí o bá mú, o jù ú sẹ́nu nìyẹn! Bàbá ló ni ekùrọ́.

À ń tò ó lọ́wọ́ ni adìyẹ gbé ekùrọ́ kan sá lọ. Bàbá ní kí Ṣadé mú òmíràn wá. Èmi ọ̀mọ̀wé òfìfo! Mo ní, "Pápá, pas grave, kò burú, ẹ fi sílẹ̀." Mo ṣa ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ kan nílẹ̀, mo fi dípò.

Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irú ọ̀bùn wo nìyí?"

Mo wúkọ́ bíi pùròfẹ́sọ̀. Mo ní wọ́n kọ́ wa ní fákì pé nọ́ńbà kì í ṣe nǹkan, ipò ni. Kí ló ń jẹ́ èjì? Ibi tó wà lẹ́yìn ení, ṣáájú ẹ̀ta, ó tán! Ohunkóhun tó bá jókòó síbẹ̀, èjì ni. Ọmọ dráfù náà nìyẹn: ibi tó wà àti bó ṣe ń rìn. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, ta ni ìyẹn kàn?

Ṣadé ń fojú bẹ̀ mí pé kí n panu mọ́. Ṣé mo gbọ́?

Eré gbóná. Bàbá ti fẹ́ nà mí tán, àfi bí mo ṣe rí ọ̀nà! Mo fò, mo fò, mo tún fò. Mo mú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, eré parí! Ayọ̀ pa mí, mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, mo ń rún un.

Èkíní ró kàù. Èkejì ró kàù. Ẹ̀kẹta ò ró rárá.

Háà! Ó fọ́ bí iyẹ̀pẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ èrìgì mi, ó korò, òórùn òbúkọ gba imú mi jáde. Mo tutọ́, mo bì, mo fi iyanrìn ha ahọ́n. Kódà, onízémì, ọlọ́kadà tó gbé mi délé, ní kí n má mí sí òun lọ́rùn. Ẹ̀gbin!

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Wọ́n ní, "Mùsíọ̀ fákì, gbé e mì, ipò ṣáà ni!"

Mo rán wọn létí pé mo nà wọ́n. Wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n wá yíjú sí Ṣadé: "Ibi tí eléyìí jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn, ipò náà ni. A máa wá ẹlòmíì fi síbẹ̀."

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ọpọ́n lè má bèèrè ohun tó o gbé ka orí rẹ̀, ẹnu á bèèrè. Ṣadé ní kí n fọ ẹnu ná kí n tó pe òun. Lórí fóònù o!

Ẹ̀yin ńkọ́, ìwé wo lẹ kà dé ààbọ̀ tó kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀, kí n má dá nìkan rùn.