Fúyẹ́, Linux Tí Hidayat Ṣe ní Kétu

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòsí ni Hidayat ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń ṣe ètò tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń tọ́jú ìwé aláìsàn. Wọ́n á di ètò náà àti Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń gbé e ṣiṣẹ́, sínú ẹrù kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀nténà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹrù náà wúwo jù. Lọ́jọ́ tí Hidayat lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Sangisa, odindi àárọ̀ ni wọ́n fi retí kó wọlé tán. Ìyá kan tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́ bi í pé, "Aunty, ẹ̀rọ yín ò tíì jí ni?"

Ojú tì í. Nígbà tó padà, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Ṣọládé, pé òun fẹ́ ṣe Linux tiwọn.

"Linux tiwa kẹ̀? Ṣé èyí tó wà nílẹ̀ ò tó ni?"

"Ó pọ̀ jù ni, Ọ̀gá. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀ la ò lò rí. Ẹ fún mi lóṣù méjì."

Ṣọládé gbà. Ilé wọn ní Kétu ni Hidayat jókòó sí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun tí ètò náà ń lò nìkan ló kó sí i. Kò sí ètò ìtẹ̀wé, kò sí eré, kò tiẹ̀ sí ibi tí èèyàn ti lè tẹ àṣẹ, kí olè tó bá já wọ inú ẹ̀rọ má baà rí nǹkan lò. Ó sọ ọ́ ní Fúyẹ́.

Ìgbà tó kọ́kọ́ tan án, Fúyẹ́ kọ̀, kò bá kọ̀ǹpútà kankan sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá ìdí rẹ̀. Àṣé fáìlì tí wọ́n fi ń dá ojúlówó ìkànnì mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú ni kò kó sí i. Ó dá a padà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹrù tó jẹ́ ẹgbẹ̀rin mẹ́gábáìtì di mọ́kànlá.

Nígbà tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ sí Sangisa, kí nọ́ọ̀sì tó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tán, ẹrù náà ti wọlé. Ṣọládé bọ Hidayat lọ́wọ́.

Bàbá Hidayat, Alhaji Yàkúbù, ń ta irin ní Owódé Onírin. Nígbà tí Hidayat ròyìn iṣẹ́ náà fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi í pé, "Kọ̀nténà wo lo wá ṣe, ti Apápá?"

"Rárá, Daddy. Ti inú kọ̀ǹpútà ni."

Kò yé Bàbá dáadáa, àmọ́ ó yíjú sí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. "Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é o. Ọmọ mi ló ṣáà ṣe é!"

Hidayat rẹ́rìn-ín, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.