Obìnrin Tó Fi Májèlé Pa Ọkọ Rẹ̀ Nínú Fíìmù

Kí wọ́n tó mọ̀ mí sí ìyá onísùúrù tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí tẹlifíṣọ̀n, apààyàn ni mo máa ń ṣe nínú fíìmù. Fíìmù ọ̀daràn ni wọ́n, kò sí ẹni tó máa ń rí ire níparí wọn. Ilé kan ní Bárúwá la ti ya èyí tó sọ mí di èèyàn ńlá. Mo bu májèlé sínú ọtí ọkọ mi, mo sì jókòó tì í títí ó fi kú. Olùdarí ní n kò gbọdọ̀ sunkún. N kò sunkún.

Tíṣà ni ọkọ mi gan-an. Òun ni mo máa ń fi dánra wò nínú yàrá wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Á ya ẹnu bí ẹni tó ń kú, ọmọbìnrin wa á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, inú rírun gbé ọkọ mi dè. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìgàndó, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Dókítà ní táífọ́ọ̀dù ló dá ìfun rẹ̀ lu. Mo jókòó ti òkú rẹ̀, ojú mi gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Bó ṣe jókòó nínú fíìmù yẹn náà nìyí," ló sọ fún àwọn ẹbí wọn tó kù.

Mo fi ìwé dókítà hàn wọ́n. Wọn ò kà á. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní àwọn ń mú ọmọ mi lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

Ó wolẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ò sunkún."

Ọdún gorí ọdún kí olùdarí mìíràn tó fún mi ní ipa ìyá rere. Ó ní ojú mi bá a mu. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá ní Ìkọ̀tún, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì á fa ọmọ wọn wá bá mi. "Mọ́mì wa, ẹ bá wa gbàdúrà fún un, ẹ jọ̀ọ́." Mo máa ń gbà á.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé ọmọ mi ń gbé ní Dọ́pẹ̀mú, pé ó ti bímọ. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo sì lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Ọmọ rẹ̀ dá mi mọ̀ láti inú tẹlifíṣọ̀n, ó sáré wá jókòó sórí itan mi, ó nawọ́ sí mọ́ínmọ́ín náà. Ìyá rẹ̀ rọra gbé abọ́ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni, mà," ló wí.

Mo ní ó dáa. Mo mu omi tó bù fún mi tán, mo dágbére. Kò ní kí n padà wá, n kò sì tíì padà.