Ìyá ọkọ mi kó ẹja ọmọ mi fún ológbò

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa fi ẹja ṣáwá sínú ògì ọmọ mi, ọmọ oṣù méje, pé ọ̀rá inú rẹ̀ dára fún ọpọlọ àti ojú ọmọ. Láàárọ̀ yìí, mo yọ eegun ẹja, mo rún un sínú abọ́. Kí n tó po ògì tán, ìyá ọkọ mi ti kó o fún ológbò!

"Mọ́mì, ẹja ọmọ nìyẹn o!"

"Ọmọ tó bá tètè mọ ẹja jẹ, olè ló máa dà."

Ní Zion Pepe níbí, ìlú apẹja etí òkun! Ẹja ni Mọ́mì fúnra wọn ń yan tà. Ọmọ wọn, ọkọ mi, ló fi àwọ̀n kó o wá láti òkun. Ológbò ń dán, ọmọ mi ń mu ògì lásán.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n máa gbé ọmọ mi lọ jẹun lọ́dọ̀ ológbò ni?