Afẹ́fẹ́ Tí Àkàngbé Kò Gbọ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àkàngbé fi tún ọkọ̀ ṣe ní Àgùdà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Surulere ló ti mọ sípánà. Kò ní pátákó orúkọ. Àwọn èèyàn kàn ń sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Elétí." Etí ló fi ń wá àìsàn ọkọ̀. Á ní kí wọ́n ṣíná sí i, á ki orí kan rọ́bà gígùn bọ etí ọ̀tún, á wá máa fi orí kejì tọ ara ẹ́ńjìnnì kiri díẹ̀díẹ̀. Kì í pẹ́ tí á fi ní, "Ibí nìyí." Kì í sì í ṣì í.

Ohun tí àwọn oníbàárà kò mọ̀ ní ọdún 1989 ni pé etí náà ti kú. Àwọn tó ń lu bọ́dì ọkọ̀ ló múlé tì í. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni òòlù wọn ń dún lára irin. Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, tọ̀tún tẹ̀lé e. Bí èèyàn bá kọjú sí i tó sì la ẹnu dáadáa, ọ̀rọ̀ ṣì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ohùn tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń ṣe bó bá ń jò, ìyẹn kò wọlé mọ́. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn," ni Àṣàbí máa ń wí.

"Kí n sọ, kí n wá jẹ kí ni? Etí ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá bá, wọn ò gbé e wá bá Àkàngbé."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Hilda gbé ọkọ̀ dé. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, opó. Ọkọ̀ tọ́bò ni ó ń wà, èyí tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, tó dà bíi fáànù kékeré. Tọ́bò á wá máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì lágbára bí ẹni tó jẹun yó.

"Ọ̀gá, bó bá ti kan òkè báyìí, ó di ìgbín," ni Hilda wí. "Lórí afárá Ojú Ẹlẹ́gbà, ọlọ́mọláńkẹ́ ló ń kọjá lára mi! Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Ambrose ní kí n jẹ́ kóun yọ tọ́bò yẹn dànù. Mi ò fẹ́. Olóògbé ọkọ mi ló ra ọkọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ambrose ni mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì. Ó ti káwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n.

Àkàngbé ki rọ́bà bọ etí. Ó gbé e sí ibi kìíní, ó gbé e sí ibi kejì. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ògiri. Ó gbójú sókè, ó rí i tí obìnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí.

Kò rí nǹkan kan. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ó ti gbó lójú, kò sì jò. Èyí ni Àkàngbé yọ, tó fi tuntun rọ́pò. Hilda dúpẹ́, ó sì gbàdúrà: "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí etí yìí di." Àkàngbé ò lè ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà dé. Gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ lórí afárá. Mo tẹná mọ́ ọn, kò lọ. Tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn mi, Ọ̀gá! Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ló kù kó gbá mi. Kí lẹ gbọ́ lánàá tẹ́ ẹ fi ní ẹ ti rí i?"

Irọ́ tó máa pa wà nílẹ̀. Kó ṣáà ti ní rọ́bà tuntun yẹn kò dára, pé ayédèrú ló kún ọjà. Ojoojúmọ́ ni mẹkáníìkì ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí i tí obìnrin náà tún ń wo ẹnu rẹ̀ bíi ti àná.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí. "Etí mi ti kú láti ọdún méjì, Àǹtí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ambrose ti sọdá láti wá wòran. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Elétí ò létí! Ẹ ò ri nǹkan!"

Hilda ò rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ máa wá fi wá a báyìí?" ló bi í.

Àkàngbé gbójú kúrò lára wọn. Lábẹ́ igi fúrúùtù, Abọ́dúndé fọkanáísà ń ri túbù táyà bọ inú omi ọṣẹ, ó ń wá ibi tí ìfófòó yóò ti yọ. Ọdún mẹ́wàá ni Àkàngbé ti ń wo iṣẹ́ yìí tó sì ń fi Abọ́dúndé ṣẹ̀sín. Ó rìn lọ bá a.

"Abọ́dúndé, gbé afẹ́fẹ́ rẹ wá."

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé èmi tẹ́ ẹ ní mò ń ta afẹ́fẹ́ Ọlọ́run fáwọn ẹ̀dá Ọlọ́run?"

"Ìwọ náà ni. Má bínú."

Wọ́n tú rọ́bà kúrò lẹ́nu tọ́bò níbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Abọ́dúndé gé túbù àtijọ́ kan tí fáàfù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó so orí kan pa, ó fi orí kejì bọ ẹnu tọ́bò, ó sì fi okùn rọ́bà dì í gírígírí, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ gbogbo rọ́bà.

"Má fún un ní afẹ́fẹ́ ju mẹ́wàá lọ lórí géèjì," ni Àkàngbé wí. "Kì í ṣe táyà."

Àkàngbé po ọṣẹ, ó ń fi kànìnkànìn tọ́ ọ sára gbogbo rọ́bà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kò yọ ìfófòó. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò, níbi tó ti sùn lé irin kan. Ìfófòó wú jáde níbẹ̀, ó tóbi bí ọsàn.

"Ó ń pariwo ṣìì!" ni Abọ́dúndé kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́. Mo rí i."

Irin náà ló ti ń họ rọ́bà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti ya, gígùn rẹ̀ tó oríkèé ìka méjì. Bí etí Àkàngbé bá tilẹ̀ yá bíi ti ehoro, kì bá tí gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dúró sójú kan kì í fi ipá ṣiṣẹ́, tọ́bò kì í sì í fi agbára ti afẹ́fẹ́. Orí òkè ni rọ́bà náà ti ń la ẹnu. Ambrose bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó mi orí, ó sọdá padà.

Wọ́n ra rọ́bà mìíràn ní ọjà Ládìpọ̀, wọ́n tẹ irin náà kúrò lọ́nà. Hilda wà á lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà, Àkàngbé jókòó tì í. Nígbà tó tẹná lórí afárá, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ àga. Hilda kọjú sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá síbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Kí dókítà wo etí yẹn."

Dókítà wò ó, ó ní kò sóhun tóun lè ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ti kárí Àgùdà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn oníbàárà tó lọ. Àwọn kan sọdá sọ́dọ̀ Ambrose, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ kí i mọ́. Àkàngbé gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lu bọ́dì, ó lọ sábẹ́ igi lọ́dọ̀ Abọ́dúndé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ dé láti Iganmu. Ó ń wò ó tìfura-tìfura.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ kì í gbọ́ràn. Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é?"

Àkàngbé fa àga fún un.

"Jókòó síbí," ló wí. "Kọjú sí mi. Ìwọ sọ ohun tó o gbọ́."