Ohùn Ìyá Nínú Kùrukùru

"Súlè ọmọ Ràfátù o!"

"Mo wà ńbí, Ìyá!"

"Bọ́lá ọmọ Ẹ̀bùn o!"

"Mò ń bọ̀, Ìyá!"

Bí Ìyá ẹlẹ́wà ṣe ń pè wá nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí kùrukùru bo àpáta Ọ̀kà, tí n kò rí ọwọ́ ara mi. Ilé wa wà lókè, ilé ìwé wà nísàlẹ̀, ọ̀nà àárín wọn sì ń gba etí ọ̀gbun kọjá. Yàrá méjì alámọ̀ ni ilé ìwé náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ìyá ti ń se ẹ̀wà tà fún wa. Òórùn epo rẹ̀ ló ń kí wa káàárọ̀ kí a tó rí tíṣà. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí a jọ kàwé, n ò mọ tirẹ̀. Àgbà wo ní í sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ọmọdé?

A tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni di okùn mú. Nígbà tí a dé ìdí ààrò rẹ̀, Dàda àbúrò mi nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Dàda ọmọ Àṣàkẹ́ o!"

Àpáta nìkan ló gba orúkọ náà, ó dá a padà fún wa. Tíṣà bọ́ bàtà, ó fẹ́ gòkè. Ìyá di apá rẹ̀ mú. "Àlejò, ìwọ náà á já sọ́gbun." Ó yíjú sí mi. "Kí ni ìyá yín ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ ò rí ẹni tó ni ín?"

Omi bọ́ lójú mi. "Ó ní ká má dá a lóhùn, Ìyá. Ó ní iwin ni." Èmi kì í ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá wa bá ti sọ, abẹ gé e ni lọ́dọ̀ Dàda.

"Háà! Ìgbọràn ló fẹ́ pa ọmọ yìí." Ló bá fọwọ́ sí ìbàdí. "Dàda olè! Ta ló jẹ ẹja inú ìkòkò mi lánàá? Iwin ló ń ta ẹ̀wà fún ọ ni?"

Ohùn kékeré kan fi ìbínú bú jáde lókè lọ́hùn-ún: "Irọ́ ni, Ìyá! Èmi kọ́! Ológbò yín ni!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Má mira níbẹ̀, olè! Máa bá mi jà, mò ń bọ̀!"

Ó fi ẹsẹ̀ lásán wá ojú ọ̀nà lórí àpáta, kùrukùru funfun náà sì gbé e mì. Ìjà wọn nìkan là ń gbọ́. "Olè!" "Èmi kọ́!" "Olè!" "Èmi kọ́!" Nígbà tó yá, kùrukùru là, Ìyá sì jáde pẹ̀lú Dàda lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé àpáta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn. Ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò ló gbé fún un.

Ọdún ti gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù tó kọjá la sin Dàda, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun rẹ̀. Ìpè Ìyá ló kù lẹ́nu mi. Kùrukùru tún sọ̀ láàárọ̀ yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pe gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn, Súlè, Bọ́lá, títí mo fi kan Dàda ọmọ Àṣàkẹ́.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Dàda olè."

Mo ṣì ń tẹ́tí nígbà tí oòrùn yọ.